Ìdí Tí Ìgbín Fi Ń Pọn Ilé Rẹ̀ Kiri

Nígbà láéláé, ilé ìgbín kò sí lẹ́yìn rẹ̀. Ilẹ̀ ni ó kọ́ ọ sí bíi ti gbogbo ẹranko. Bí ilẹ̀ bá mọ́, á ti ilẹ̀kùn, á sì bá tirẹ̀ lọ. Ìrìn rẹ̀ tilẹ̀ yá nígbà náà. Ẹ má fi mí rẹ́rìn-ín, òótọ́ ni mo ń sọ.

Etídò ni orúkọ ìlú tí ìgbín yìí, tí wọ́n ń pè ní Ìyá Ìgbín, ń gbé. Àwọn ẹranko ló tẹ ìlú náà dó sétí odò kan tó jìn, oko wọn sì wà ní òdìkejì. Igi kan tó wó dábùú odò ni wọ́n fi ń kọjá. Nígbà tí ìlú kéré, igi náà tó wọn. Ṣùgbọ́n Etídò dùn-ún gbé, àlejò sì ń ya wọ̀ ọ́ lójoojúmọ́. Òyà kó ìdílé rẹ̀ dé. Ehoro kó tirẹ̀ dé, ọmọ Ehoro nìkan sì ti tó àdúgbò kan.

Ni igi bá di ìjà. Àwọn tó ń lọ sóko àti àwọn tó ń bọ̀ á pàdé láàárín rẹ̀.

"Padà sẹ́yìn!"

"Ìwọ ni kí o padà! Ta ló bí ẹ?"

Ibẹ̀ ni wọn yóò wà títí oòrùn yóò fi mú.

Lọ́jọ́ kan, ọmọ Ehoro kan yọ̀ ṣubú sínú odò. Ọpẹ́lọpẹ́ Akàn tó fà á jáde. Nígbà tí Ọba Erin gbọ́, ó ní, "Ó tó gẹ́ẹ́. Kí òjò tó dé, a gbọ́dọ̀ ní afárá tuntun àti ọ̀nà tó gbòòrò." Ó sì fi Ìgalà ṣe alábòójútó iṣẹ́ náà.

Ìgalà kéde pé kí ẹni tó bá mọ afárá ṣe jáde wá. Ọ̀bọ jáde síwájú Ọba, Ikán náà jáde.

Ẹnu Ọ̀bọ dùn. "Kábíyèsí, ìtàkùn ni n ó fi ṣe tèmi. Kí ẹ tó jẹun tán, mo ti parí."

Ikán ò sọ púpọ̀. "Amọ̀ ni tèmi. Yóò pẹ́ díẹ̀."

Àwọn ìjòyè ti ń mi orí sí Ọ̀bọ, ṣùgbọ́n Ọba ní, "Ẹnu ò lè gbé wa kọjá odò. Kí kálukú ṣe kékeré sórí kòtò iwájú ààfin yìí, kí Ẹfọ̀n rìn ín wò."

Ẹfọ̀n gbé ẹsẹ̀ lé ti Ọ̀bọ. Gbìì! Ó bá ara rẹ̀ nísàlẹ̀ kòtò, ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lókè. Kí wọ́n tó fà á jáde, Ọ̀bọ ti wà lórí igi. Ẹfọ̀n bọ́ sórí ti Ikán, ó rìn, ó fò, ó tilẹ̀ jó níbẹ̀. Amọ̀ ò mì. Bí iṣẹ́ ṣe di ti Ikán nìyẹn.

Ikán rìn yí etí odò ká, ó ń gbẹ́ ilẹ̀ wò. Nígbà tó padà dé, ó ní, "Ibì kan ṣoṣo ni àpáta tó lè gba òpó afárá dúró wà. Abẹ́ ilé Ìyá Ìgbín ni."

Kíá, Ìgalà ti bu osùn. Ó lọ fa àmì pupa gàdàgbà sára ògiri Ìyá Ìgbín. Kò kan ilẹ̀kùn, kò ké àgò.

Ìyá Ìgbín ti oko dé, ó bá àmì lára ilé. Àwọn aládùúgbò ní, "Wọ́n fẹ́ wó o ni." Inú rẹ̀ bàjẹ́ gidigidi. Òun àti ọkọ rẹ̀ ló fi ọwọ́ ara wọn mọ ilé náà. Ọkọ ti kú, ilé ló kù. Ó jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ó ní, "Ẹni tó bá fẹ́ wó o, kó kọ́kọ́ wó mi."

Iṣẹ́ dúró. Òjò sì ń ṣú bọ̀.

Ìgalà sáré lọ sí ààfin. "Kábíyèsí, ẹ jẹ́ ká tì í kúrò níbẹ̀."

Ọba wò ó. "Ìgalà, ṣé o kí i?"

"Rárá, Kábíyèsí."

"O lọ kun ilé àgbà lósùn, o ò kí i! Ṣé bí wọ́n ṣe kọ́ ẹ nílé nìyẹn?"

Ọba fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn lọ, gbogbo ìlú tẹ̀lé e.

"Ẹ kú ìjókòó o, Ìyá. A ṣẹ̀ yín. Ẹ forí jì wá."

Ojú Ìyá Ìgbín rọ̀. "Kábíyèsí, kí adé pẹ́ lórí. Mi ò kọ afárá. Èmi náà mọ̀ pé igi yẹn ò tó wa mọ́. Ilé yìí ni mi ò lè fi sílẹ̀." Ó bú sẹ́kún.

Ọba ní, "Etídò ò ní fi omijé àgbà po amọ̀. Ilẹ̀ tó bá wù yín ní gbogbo ìlú yìí, ẹ yàn án. Títí ẹ ó fi rí i, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ wó ilé yín, kò sì gbọdọ̀ gbà á lọ́wọ́ yín."

"Ṣé èmi àti ilé mi la jọ ń lọ wá ilẹ̀ náà?"

"Ẹ jọ ń lọ ni."

Ikán wọ abẹ́ ilé, ó fi sùúrù tú u kúrò nílẹ̀ láìsán. Ẹfọ̀n ní òun yóò rù ú. Ìyá Ìgbín kọ̀. "Pẹ̀lú ìwo yẹn? Ẹ gbé e pọ̀n mí."

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí. Wọ́n sì gbé e, wọ́n ń kọrin: "Ẹ rọra o, ilé àgbà ni!" Ilé náà bá ẹ̀yìn rẹ̀ mu bí ọmọ tí wọ́n gbà pọ̀n. Ìyá ń rìn lọ jẹ́jẹ́, kí ilé má baà jábọ́.

Ikán parí afárá. Ọjọ́ tí wọ́n ṣí i, ijó gba ìlú, àwọn tó ń lọ àti àwọn tó ń bọ̀ ń kí ara wọn láàárín afárá. Lójijì, òjò dé. Olúkúlùkù sá, ó rin gbingbin. Ìyá Ìgbín kàn fà wọlé ni. Wọ́n gbọ́ ohùn rẹ̀ nínú ilé: "Ẹ kú òjò o!"

Lọ́jọ́ kejì, Ìgalà wá, ó wólẹ̀ gbalaja. "Ìyá, ẹ káàárọ̀. Ṣé ẹ ti rí ilẹ̀?"

Ìyá Ìgbín na ojú rẹ̀ méjèèjì síta, ó wò sọ́tùn-ún, ó wò sósì. "Èyí gbẹ jù, ọmọ mi. Jẹ́ kí n wo iwájú díẹ̀."

Láti ọjọ́ náà ni ìgbín ti ń pọn ilé rẹ̀ kiri, tó ń rìn pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, tó ń na ojú wo ilẹ̀. Kò tíì rí èyí tó wù ú. Ọ̀rọ̀ ọba kò sì yẹ̀: kò sí ọ̀nà tí wọ́n lè là láyé yìí tí yóò lé ìgbín kúrò nílé mọ́.