Apẹ̀rẹ̀ Obì tí Ọ̀jẹ́wùmí Jókòó Lé

"Kòkòrò tó ń jobì, inú obì ló wà." Tọmọdé tàgbà ló ń pa á lówe, ṣùgbọ́n ẹ dá mi lóhùn: obì ò ní fèrèsé, kò lẹ́nu ọ̀nà, ibo wá ni kòkòrò gbà wọlé? Ẹ ò mọ̀? Ẹ fara balẹ̀. Ọ̀jẹ́wùmí ará Ìdí-Òro náà ò mọ̀, ojú rẹ̀ sì rí màbo.

Ọ̀jẹ́wùmí lóko obì, ẹnu rẹ̀ sì tóbi ju oko náà lọ. Nígbà tí ìdána Ìṣọ̀lá ọmọkùnrin rẹ̀ kù sí dẹ̀dẹ̀, ó búra pé nínú ogójì obì tí òun máa gbé fún àna, kòkòrò kan ò ní fẹnu kàn án.

"Bàbá Ìṣọ̀lá, ẹ jẹ́ ká tètè ká a," Mojèrè ìyàwó rẹ̀ wí. "Obì tó bá pẹ́ lórí igi, kòkòrò ní í jẹ ẹ́."

"Ṣé èmi lo fẹ́ kọ́ bí wọ́n ṣe ń ká obì? Ó ṣì ń sanra ni!"

Ìgbà tí èèpo obì ti ń là lórí igi ló ṣẹ̀ṣẹ̀ ká a. Ó bó o, ó fọ̀ ọ́, ó fi ewé tútù dì í sínú apẹ̀rẹ̀ pinpin, ó wá jókòó lé e. Ẹ má tíì rẹ́rìn-ín o! Odindi ọjọ́ mẹ́sàn-án! Orí apẹ̀rẹ̀ ló ti ń jẹun, orí apẹ̀rẹ̀ ló ti ń kí àlejò. Lọ́jọ́ kẹjọ, aáyán kan kọjá. Ọ̀jẹ́wùmí fò dìde, ó lé e yí agboolé ká títí ṣòkòtò fi bọ́ nídìí rẹ̀ lójú àwọn obìnrin ilé. Ìgbà tó padà dé, Mojèrè ló bá nítòsí apẹ̀rẹ̀.

"Áà! O fẹ́ ṣí i kí kòkòrò wọlé! Ó yá, máa lọ sílé baba rẹ títí a ó fi dána tán!"

Mojèrè tó lóyún ọmọ, tó bí i, lọ tẹkúntẹkún.

Lọ́jọ́ ìdána, Ọ̀jẹ́wùmí gbé apẹ̀rẹ̀ kalẹ̀ níwájú àna. "Ẹ wò ó dáadáa! Kòkòrò ò mọ̀nà ilé mi!"

Ìyá Àwẹ̀ró, ìyá àgbà ìyàwó, la obì àkọ́kọ́. Ìdin funfun kan tó rí rọ̀bọ̀tọ̀ yọjú síta. Ó la ìkejì, ìdin. Ó la ìkẹta, méjì ni wọ́n wà níbẹ̀, bíi tọkọtaya! Ni ilé bá dàrú. Àwọn kan ń yí gbiri nílẹ̀ fún ẹ̀rín, àwọn àna kan sì ní kí wọ́n máa gbé obì wọn lọ, ìyàwó ò sí mọ́.

"Mojèrè ni!" Ọ̀jẹ́wùmí pariwo. "Òun ló ṣílẹ̀kùn fún wọn!"

"Ìlẹ̀kùn wo?" Ìyá Àwẹ̀ró nu omijé ẹ̀rín nù. "Àna mi, kòkòrò ẹlẹ́nu gígùn kan wà, orí igi ló ti ń bá obì. Bí èèpo bá ti là, á fẹnu lu obì, á yé ẹyin síbẹ̀. Ẹyin á di ìdin, ìdin á máa jẹ obì láti inú, títí á fi hu ìyẹ́, tí á sì lu ihò jáde. Ẹyin ti wà níbẹ̀ kí ẹ tó ká a. Ẹ̀yin lẹ gbé e wálé, ẹ̀yin lẹ fewé bò ó, ẹ̀yin náà lẹ tún fìdí ṣọ́ ọ!"

Ni wọ́n bá tún bú sẹ́rìn-ín.

"A ò ní torí obì kọ ọmọ yín," Ìyá Àwẹ̀ró wí, "ṣùgbọ́n ọwọ́ ìyá rẹ̀ la ó ti gba òmíràn. Ibo ló wà?"

Eré ni Ọ̀jẹ́wùmí sá dé ilé baba Mojèrè, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja.

Mojèrè ká apá mọ́ àyà. "Ṣé ẹ ti rí kòkòrò tó fẹ́ ba ìdána ọmọ mi jẹ́?"

"Mo ti rí i." Ó fọwọ́ lu àyà ara rẹ̀. "Ìyá Ìṣọ̀lá, kòkòrò tó ń jobì, inú obì ló wà."