Agogo Ọrùn Dúródèmí

Ààlọ́ o!

Ààlọ̀!

Háà, ẹ̀yin tẹ́ ẹ jókòó sẹ́yìn yẹn ò dáhùn dáadáa. Ẹ dojú fóònù yín délẹ̀. Tèmi náà rèé, mo ti dojú ẹ̀ délẹ̀. Ẹ jẹ́ ká tún un ṣe. Ààlọ́ o!

Ààlọ̀!

Ààlọ́ mi rìn, ó rìn, ó rìn nínú ìrì. Kò balẹ̀ sórí ìjàpá. Kò balẹ̀ sórí ọba. Ọrùn ajá kan báyìí ló balẹ̀ sí. Ajá yẹn máa kọrin o! Tó bá ti kọrin, ègbè tiyín ni "Tú u wò." Ṣé ẹ ti gbọ́? Ó yá.

Ní ayé àtijọ́, ìlú kan wà tó ń jẹ́ Òkè-Ìrì. Ìrì ìlú yẹn ń ṣú bolẹ̀ bíi kùrukùru débi pé láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́, ilé kì í rí ilé. Èèyàn á máa rìn, á dà bíi pé inú oorun ẹlòmíì ló ń rìn lọ. Igi á dúró bí àlejò. Ohùn á ṣáájú ẹni tó ni ín délé.

Ọdẹ kan ń gbé níbẹ̀, Ọdẹ́jìmí lorúkọ ẹ̀. Ó ní ìyàwó, Àwẹ̀ró. Ó ní ajá, Dúródèmí. Ọdẹ́jìmí gé awọ ẹfọ̀n tó fẹ̀ tó ìka mẹ́ta. Ó so agogo kékeré mọ́ ọn. Ó fi so ajá lọ́rùn, ó sì ta kókó sí i. Ẹ mọ̀ pé nínú ìrì, ojú ò ríran. Etí ni wọ́n fi ń mọ̀ pé ọdẹ ń bọ̀. Tí Àwẹ̀ró bá ti gbọ́ gín-ín, gín-ín, á ní, "Wọ́n ti dé," á sì gbé omi kaná.

Ọdẹ́jìmí ṣàìsàn. Ó kú. Ó wá ku Àwẹ̀ró, ó ku ajá, ó ku agogo.

Àwọn ará ilé ní, "Ìyàwó wa, tú nǹkan yẹn kúrò lọ́rùn ajá. Ta ló ń bá lọ sóko ọdẹ mọ́?"

Àwẹ̀ró ní, "Ọwọ́ tó ta kókó yẹn ti lọ. Ọwọ́ tèmi ò ní tú u."

Nírọ̀lẹ́, ajá á mi orí, agogo á dún. Àwẹ̀ró á di ojú. Á rí ọkọ ẹ̀ tó ń bọ̀ nínú ìrì, ìbọn léjìká. Kò ní délé o. Ṣùgbọ́n á máa bọ̀.

Ìgbà tó yá, ara bẹ̀rẹ̀ sí í yún Dúródèmí. Ó ń fi ẹsẹ̀ ẹ̀yìn họra, họrọ-họrọ-họrọ. Èjìká ẹ̀ pọ́n. Èépá bo etí ẹ̀. Irun ń já.

Olúọdẹ, olórí gbogbo ọdẹ ìlú, gbọ́. Ó wá, ó wò ó, ó mi orí.

"Àwẹ̀ró, ó jọ kúrúnà. O mọ òfin wa. Tí àkókò ọdẹ bá dé, ibì kan náà ni gbogbo ajá ìlú ń sùn. Tí ọ̀kan bá ní in, gbogbo wọn ló máa ní in. Ọjọ́ mẹ́tàdínlógún ni mo fún ọ. Tí ara ẹ̀ ò bá dá, a máa mú un kọjá odò, a ò sì ní mú un padà."

Àwẹ̀ró kúnlẹ̀. "Bàbá, òun nìkan ló kù fún mi."

"Mo mọ̀," ni Olúọdẹ wí. "Ìdí ẹ̀ tí mo fi dá ọjọ́ nìyẹn. Ká ní ajá ẹlòmíì ni, òní ni ì bá lọ."

Àwẹ̀ró jókòó síwájú ilé, ó ń sunkún. Ewúrẹ́ ń kọjá.

"Ìyá, kí ló dé tí ẹ ń sunkún bí ẹni tí wọ́n jẹ iṣu ẹ̀?"

"Ìwọ náà lo jẹ iṣu mi lánàá. Má fi mí ṣeré."

"Ẹ jẹ́ ká fi ti iṣu sílẹ̀ ná. Ẹ mú kànìnkànìn tó le, ẹ fi ha ajá yẹn dáadáa. Èmi, ara ògiri ni mo fi ń ha tèmi. Ẹ ò rí bí ara mi ṣe ń dán?"

Àwẹ̀ró ha á lónìí, ó ha á lọ́la, ó ha á lọ́túnla. Awọ ara bó. Ajá mi orí, ó kọrin:

*Àwẹ̀ró ìyá mi o,*
Tú u wò.
*Kànìnkànìn ò lè wò mí,*
Tú u wò.
*Abẹ́ awọ ni, abẹ́ agogo ni,*
Tú u wò.
*Ọrùn ni, ọrùn mi ni,*
Tú u wò.

Ẹ ṣeun, ègbè yín dùn! Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ o. Bí ajá ṣe ń kọrin ni orí ẹ̀ ń mì. Bí orí ẹ̀ ṣe ń mì ni agogo ń dún. Agogo gbé orin mì. Gín-ín, gín-ín nìkan ni Àwẹ̀ró gbọ́. Ó di ojú. Ó ní, "Ọdẹ́jìmí, ṣé o ti ń bọ̀?"

Àkùkọ fò sórí ọgbà. "Ẹ gbọ́ ti Ewúrẹ́, ẹ ò bi mí! Eérú ni. Eérú ìdí ààrò. Èmi, inú eérú ni mo ti ń wẹ̀. Ṣé ẹ ti rí kúrúnà lára àkùkọ rí?"

Àwẹ̀ró da eérú sí i lónìí, ó dà á lọ́la, ó dà á lọ́túnla. Eérú wọ ojú ibi tó bó. Ó ń ta á bí iná. Ajá mi orí, ó kọrin:

*Àwẹ̀ró ìyá mi o,*
Tú u wò.
*Eérú ń jó mi lára,*
Tú u wò.
*Ọrùn ni, ọrùn mi ni,*
Tú u wò.

Agogo gbé orin mì. Àwẹ̀ró di ojú.

Pẹ́pẹ́yẹ náà dé, bẹ̀bẹ̀, bẹ̀bẹ̀. "Ẹ má dá Àkùkọ lóhùn, ariwo lásán ló ní. Omi àti ọṣẹ dúdú ni. Ẹ wẹ̀ ẹ́ láàárọ̀, lọ́sàn-án, nírọ̀lẹ́. Ẹ wò mí, ṣé mo máa ń kúrò nínú omi ni?"

Àwẹ̀ró wẹ̀ ẹ́ lónìí, ó wẹ̀ ẹ́ lọ́la, ó wẹ̀ ẹ́ lọ́túnla. Ara ajá gbẹ, ó ń sán. Ṣùgbọ́n awọ ọrùn ẹ̀ ò gbẹ rárá. Ìrì nìyẹn, omi nìyẹn, ọṣẹ nìyẹn, gbogbo ẹ̀ wà lábẹ́ awọ. Ajá mi orí díẹ̀, ó kọrin. Agogo tún gbé e mì.

Ó di ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kẹsàn-án. Ìrì ti ń sọ̀ kalẹ̀. Dúródèmí ò lágbára mọ́. Ó dùbúlẹ̀ síbi ẹsẹ̀ Àwẹ̀ró, ó gbé ọrùn lé iyanrìn. Agogo rì sínú iyanrìn, kò dún. Gbogbo ìlú dákẹ́ rọ́rọ́. Ajá fi ètè lásán kọ ọ́. Ẹ̀yin náà ẹ rọra gbè é, ẹ rọra:

*Àwẹ̀ró ìyá mi o,*
Tú u wò.
*Abẹ́ awọ ni, abẹ́ agogo ni,*
Tú u wò.

Àwẹ̀ró la ojú. "Ta ló ń sọ̀rọ̀?"

"Èmi ni."

"Láti ìgbà wo lo ti ń sọ̀rọ̀?"

"Láti ọjọ́ àkọ́kọ́, ìyá mi. Agogo lẹ̀ ń gbọ́."

Àwẹ̀ró mú ọ̀bẹ. Ó gbé e sílẹ̀. Ó di kókó náà mú. "Ọdẹ́jìmí, má bínú o."

"Wọn ò ní bínú," ni ajá wí. "Ṣé ẹ ti gbàgbé orúkọ tí wọ́n sọ mí ni? Èmi ni wọ́n ní kí n dúró de àwọn. Wọn ò rán agogo."

Àwẹ̀ró sunkún. Bó ṣe ń sunkún ló ń tú u. Ó tú u, ó tú u, ó tú u. Kókó já sílẹ̀. Awọ náà ṣì ń rùn ẹ̀tù ìbọn, ó ń rùn òjò. Abẹ́ ẹ̀ wá rèé! Ara ibẹ̀ rin gbindin, ó pọ́n bí ẹyìn. Eégbọn méjì ti yó síbẹ̀ kẹ́ńdú.

"Yéè! Ibi tí mo fẹ́ràn jù ni mi ò wò."

Ó rọra fa eégbọn yọ, kí ẹnu wọn má baà kù sára. Ó bu omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́, ó fi iyọ̀ bíńtín sí i. Ó fi fọ ojú ibẹ̀ jẹ́jẹ́, kò ha á. Ó mú aṣọ Ọdẹ́jìmí tó ti gbó, tó rọ̀, ó fi tẹ omi gbẹ. Ó fi òrí pa á fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Ó wé àkísà mọ́ ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ẹ̀ kó má baà họ ara ẹ̀ já mọ́. Ó gbé e wọlé kúrò nínú ìrì. Tí ilẹ̀ bá ti mọ́, ohun tó kọ́kọ́ ń ṣe ni pé kó pín irun sọ́tùn-ún, kó pín in sósì, kó wo awọ ara.

Ewúrẹ́ yọjú. "Ṣé òrí lásán náà ni?"

"Máa lọ ha ògiri ẹ."

Ọjọ́ kẹtàdínlógún pé. Olúọdẹ dé tòun ti okùn. Ó fi ọwọ́ da irun ajá sẹ́yìn. Ó wo ọrùn. Ó wo èjìká. Ó wo etí. Pupa ti lọ. Èépá ti bọ́. Irun wẹ́wẹ́ ti ń yọ bíi koríko lẹ́yìn òjò àkọ́rọ̀.

Olúọdẹ ká okùn ẹ̀. "Kí lo fi wò ó?"

"Omi ni, Bàbá. Òrí ni. Ojú mi ni."

Àwẹ̀ró so agogo sí ẹnu ọ̀nà. Látọjọ́ náà, tí ìrì bá ti ń sọ̀ nírọ̀lẹ́, atẹ́gùn á mi agogo, gín-ín, gín-ín. Ajá á dìde, á lọ jókòó sẹ́nu ọ̀nà. Àwẹ̀ró á jókòó tì í, á máa fi ìka họ ọ́ níbi tí awọ wà tẹ́lẹ̀. Àwọn méjèèjì á di ojú. Wọ́n á rí i tó ń bọ̀ nínú ìrì, ìbọn léjìká.

Ìdí nìyẹn, títí dòní, tẹ́ ẹ bá họ ajá lọ́rùn, á di ojú ẹ̀. Ẹ má pariwo mọ́ ọn. Ẹnì kan ló ń bọ̀ lójú ẹ̀.

Ààlọ́ yìí kọ́ wa pé ká má fi ara tiwa wo ara ẹlòmíì bíi ti Ewúrẹ́. Tára bá ń yún ajá yín, ẹ wá ohun tó fà á kẹ́ ẹ tó wá oògùn. Tẹ́ ẹ bá tọ́jú ẹ̀ nílé tí ò lọ, tàbí tó ń ṣọyún, ẹ gbé e lọ bá dókítà ẹranko. Ohun tí a bá sì fẹ́ràn, ká máa tú u wò.

Ibi tí ìrì ká mi mọ́ rèé, ibẹ̀ náà ni ààlọ́ mi já sí. Bí mo bá purọ́, kí agogo ẹnu ọ̀nà Àwẹ̀ró má dún. Ṣùgbọ́n ẹ dákẹ́ ná…

Gín-ín. Gín-ín. Gín-ín.