Lẹ́tà Méjì Ní Ìdí Abọ́

Ọkùnrin kan wà tó ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìwòsàn. Ó gba yàrá nínú ilé kan tí obìnrin kan ti ń ta ẹ̀wà ní ẹnu ọ̀nà. Ẹ̀wà yìí ni obìnrin náà fi ń tọ́ àwọn ọmọ rẹ̀.

Lọ́jọ́ kan, ọkùnrin náà jẹ ẹ̀wà rẹ̀ tán, ó dojú abọ́ obìnrin náà dé, ó rí lẹ́tà méjì tí wọ́n fi ọ̀dà pupa kọ sí ìdí rẹ̀: T.B. Níbi iṣẹ́ rẹ̀, ikọ́ ife ni lẹ́tà méjèèjì ń jẹ́. Kò bi obìnrin náà ní nǹkan kan. Ó sọ fún ará ilé, ará ilé sọ fún àdúgbò. Láìpẹ́, ẹ̀wà ń kan nínú ìkòkò, onílé sì ní kí obìnrin náà wá yàrá síbòmíràn.

Obìnrin náà ní kí wọ́n pe gbogbo ilé jọ. Ó dojú abọ́ náà dé sí àárín ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ní kí wọ́n kà á.

Ẹni tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ní, "Ní ṣọ́ọ̀bù tiwa, bí ẹ̀rọ ṣe ń gba nǹkan pọ̀ tó nìyẹn."

Ìyá kan tó ti fẹ̀yìn tì ní báǹkì ní, "Ní tiwa, owó tí èèyàn yá ìjọba ni."

Ẹnì kan ní, "Ta ló rówó yá ìjọba nínú ilé yìí?" Wọ́n rẹ́rìn-ín. Obìnrin náà kò bá wọn rín in.

"Tinúadé Bógunjókòó," ló wí. "Orúkọ ìyá mi ni. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ kí abọ́ wọn má baà sọnù síbi ìnáwó. Ta ni nínú yín tí kò fi àmì sí abọ́ tirẹ̀?"

Onílé ní, "Ìyá Ẹlẹ́wà, ó ti yé wa. Ara rẹ le. Padà sídìí ẹ̀wà rẹ."

"Bàbá, tó bá wá jẹ́ ikọ́ ni ńkọ́? Ṣé bí ẹ ṣe máa lé mi nìyẹn? Oògùn rẹ̀ wà níbi iṣẹ́ ọkùnrin yìí. Kò mú un wá bá mi. Ìròyìn ló gbé kiri."

Ọkùnrin náà dorí kodò.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó gbé bẹ́ǹṣì sí etí títì, ó jókòó síbi tí gbogbo èèyàn ti lè rí i, ó ń jẹ ẹ̀wà nínú abọ́ náà.

Ẹnì kan tó ń kọjá ní, "Dókítà, ṣé kò ní ràn yín?"

"Irọ́ ni mo pa. Ẹ wá jẹun."

Ojoojúmọ́ ló ń ṣe bẹ́ẹ̀. Àwọn oníbàárà kan padà wá. Àwọn kan kò padà mọ́.

Ìwọ tó ń gbọ́ mi, ohun tí àmì kan ń jẹ́ níbi iṣẹ́ rẹ, ibi iṣẹ́ rẹ ló mọ. Bí o bá rí i lọ́dọ̀ ẹlòmíràn, òun ni kí o kọ́kọ́ bi. Bí ó bá sì jẹ́ ohun tí ò ń bẹ̀rù gan-an ni, oògùn ni kí o mú lọ bá a.