Ọ̀gá Tí Fadérera Yàn

Fadérera fẹ́ mọ ohun tó ń ba ewé ẹ̀gẹ́ jẹ́ lóko bàbá rẹ̀, ló bá ń wá ọ̀gá tí yóò kọ́ ọ níṣẹ́ ìwádìí ní yunifásítì. Ọdún mẹ́rin gbáko ni. Ẹni tó bá ṣi ọ̀gá yàn, ta ni yóò dá ọdún mẹ́rin padà fún un?

Ọ̀jọ̀gbọ́n Awógbèmí ló kọ́kọ́ pè é. Àwòrán òun àtàwọn gómìnà kún ara ògiri ọ́fíìsì rẹ̀.

"Ọmọ mi, tẹ̀lé mi, gbogbo ayé á gbọ́ orúkọ rẹ."

"Ẹ ṣé, sà. Àwọn tí ẹ ti kọ́ ńkọ́?"

"Wọ́n pọ̀ lọ súà!"

Fadérera bá ọ̀kan nínú wọn lẹ́yìnkùlé, ó ń fọ ìgò. Ọdún kẹjọ rẹ̀ lọ́dọ̀ ọ̀gá náà nìyẹn.

"Àbúrò, iṣẹ́ mi ni ọ̀gá ń kà fáyé gbọ́. Orúkọ mi ò sí níbẹ̀."

Fadérera kọrí sí oko ìdánwò, níbi tí Dókítà Mojírayọ̀, obìnrin tó le bí ojú ẹja, ti ń fi ewé han àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀.

Ọ̀kan nínú wọn ní, "Ẹ má bínú, mà, kòkòrò tí ẹ kọ sílẹ̀ yẹn kọ́ ló jẹ ewé yìí."

Obìnrin náà wo ewé lẹ́ẹ̀mejì, ó pa ohun tó kọ rẹ́. "Òótọ́ lo sọ. Kọ orúkọ rẹ sí i."

Nígbà tí Fadérera sọ pé Dókítà Mojírayọ̀ lòun yàn, bàbá rẹ̀ figbe ta lórí fóònù: "Ẹni tó ń bá gómìnà jẹun lo fi sílẹ̀?"

"Bàbá, ẹ̀yin lẹ kọ́ mi pé ẹni tó bá ní òun yóò dáṣọ fún ni, ti ọrùn rẹ̀ là á wò. Mo ti wo àwọn tí àwọn méjèèjì ti kọ́ ṣáájú mi."

Bàbá wúkọ́.

"Bàtà oko rẹ wà ńlé. Ṣé kí n fi ránṣẹ́?"