Ìwé Tí Láògún Kò Fẹ́ Fọwọ́ Sí

Ara fu Láògún, bíríkìlà ará Ìsẹ́yìn, nígbà tí Mojísọ́lá ọmọ rẹ̀ ní ẹgbẹ́ aláàánú kan fẹ́ rán òun lọ sílé-ẹ̀kọ́ gíga lọ́fẹ̀ẹ́.

"Ìwọ tí o ò rí fọ́ọ̀mù ìrànwọ́ ìjọba gbà, báwo ni wọ́n ṣe máa rán ọ lọ lọ́fẹ̀ẹ́? Gbájúẹ̀ ni wọ́n!"

"Bàámi, wọn ò bèèrè tìjọba. Èsì ìdánwò mi ni wọ́n fẹ́ rí. Ọ̀nà kan ò wọjà."

Láògún tẹ̀lé e dé ọ́fíìsì wọn. "Kí lẹ máa gbà lọ́wọ́ wa?"

Akọ̀wé ní, "Kí òbí fọwọ́ síwèé nìkan ló kù, bàbá. Òní sì ni ọjọ́ tí a máa gbà á kẹ́yìn."

Láògún ka ìwé náà lẹ́ẹ̀mẹta, ó yí ẹ̀yìn rẹ̀ wò, kò rí ẹ̀tàn kankan. Omi ti lé ròrò sójú Mojísọ́lá. Láògún fọwọ́ sí i.

Ọ̀sẹ̀ tí Mojísọ́lá wọlé ẹ̀kọ́, bàbá rẹ̀ padà sọ́dọ̀ akọ̀wé. Ó ní, "Ẹ dákun, ó ní àbúrò."