Ọdẹ Obìnrin Ara Ilẹ̀kùn

Ọkùnrin kan wà tó ń gbẹ́ ilẹ̀kùn. Ní ìlú rẹ̀, ẹni tó bá pa ẹkùn, wọn á gbẹ́ ère rẹ̀ sára ilẹ̀kùn ilé ọdẹ, kí ọmọ tí a kò tíì bí lè mọ̀ ọ́n.

Lọ́dún kan, ẹkùn mẹ́ta wọ ìlú. Ọkùnrin méjì pa méjì. Obìnrin kan ló pa ẹ̀kẹta, èyí tó burú jù nínú wọn. Gbẹ́nàgbẹ́nà jókòó ti pákó rẹ̀. Ó gbẹ́ ẹ̀wù ọdẹ sí àwọn ọkùnrin lára, ó gbẹ́ fìlà, ó gbẹ́ àpò awọ. Nígbà tó kan obìnrin náà, ó gbẹ́ ọmú, ó gbẹ́ ìdí, ó so ìlẹ̀kẹ̀ mọ́ ọn, ó parí.

Àwọn ọkùnrin rọ́ wá wò ó. "Ẹ kú iṣẹ́ ọnà o! Oorun ò ní í kùn ọdẹ nílé yìí mọ́!"

Obìnrin náà dé. "Ta nìyí?"

"Ẹ̀yin ni, ìyá."

"Èmi kẹ̀? Inú igbó wèrèpè ni mo gbé ìdí báyìí wọ̀? Ṣé ẹkùn ni mo ń pa lọ́jọ́ náà ni, àbí ara ni mo ń họ? Mú un kúrò. Ọmọ-ọmọ mi ò ní í fi èyí mọ̀ mí."

Gbẹ́nàgbẹ́nà rẹ́rìn-ín. "Igi lásán ni, ìyá. Àbí ẹ ò fẹ́ kí obìnrin rẹwà ni?"

Ìyá bá tirẹ̀ lọ.

Lọ́sàn-án, oorun gbé gbẹ́nàgbẹ́nà lọ lẹ́bàá pákó. Igbó kan là fún un nínú pákó náà, ó wọ̀ ọ́. Ìmọ́lẹ̀ ibẹ̀ pọ́n bí epo, ẹsẹ̀ rẹ̀ ò sì kan ilẹ̀ dáadáa. Ó wo ara rẹ̀: ìlẹ̀kẹ̀ nìkan ló wà nídìí rẹ̀. Wèrèpè ń sẹ̀ sí i lára bí ìrì. Àwọn ọdẹ méjì tó gbẹ́ dúró nínú ẹ̀wù wọn, wọ́n ń wò ó, wọ́n ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Ẹkùn yọ lẹ́yìn wọn. Gbẹ́nàgbẹ́nà ké, ó ní, "Ẹkùn rèé!" Wọn ò gbọ́. Ìdí rẹ̀ ni wọ́n ń wò. Ẹkùn náà sì ń bọ̀ jẹ́ẹ́jẹ́, ó ń bọ̀.

Ó ta jí. Ó mú ọ̀bẹ, ó fẹ́ gbẹ́ ẹ̀wù sí ère obìnrin náà lára. Ṣùgbọ́n igi tí a bá ti gbẹ́ dànù kò ṣeé lẹ̀ padà. Èyí tó yẹ kó di ẹ̀wù ti jóná nídìí ààrò. Ó di dandan kó gé igi mìíràn.

Àbúrò mi tó ń ya àwọn akọni inú géèmù, ìwọ ni mò ń bá wí. O fi irin bo ọkùnrin láti orí dé àtẹ́lẹsẹ̀. Obìnrin tí wọ́n jọ ń jagun, bẹ́líìtì méjì lo fi rán an lọ sójú ọfà. Bá a bá sọ̀rọ̀, o ní a kórìíra eré, o ní ìlara ẹwà ló ń dà wá láàmú. Irọ́ ni! Ta ló ní kó má rẹwà? A ní kí o jẹ́ kó ráyè jà ni. Má wulẹ̀ fi ọ̀dà kùn ún lórí. Tún un yà láti ìbẹ̀rẹ̀. Ọmọbìnrin tìrẹ gan-an ń gbá géèmù yẹn ní pálọ̀. Bó bá fẹ́ jà, ọkùnrin ló máa ń mú. Lọ bi í léèrè ìdí rẹ̀, kí o sì dúró gbọ́ èsì.