Oyèdèpò àti Egbò Onígun Mẹ́rin

Ẹ̀yìn kò lẹ́nu. Egbò ló fi ń rojọ́. Bẹ́ẹ̀ ni awo wí fún Oyèdèpò, Sàrúmí ìlú Ọ̀dàńlá, olórí gbogbo ẹlẹ́ṣin, ní àkókò tí ọ̀ràn ẹṣin rẹ̀ kò jẹ́ kí oúnjẹ dùn lẹ́nu rẹ̀ mọ́.

Ẹṣin náà funfun láti imú dé ìrù. Awọ ara rẹ̀ fẹ́lẹ́ lábẹ́ irun bí awọ ọmọ tuntun: eṣinṣin bà á, ó wú, okùn kàn án, ó bó. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń pè é ní Máfọwọ́kànmí. Láti ìgbà tí òjò ti dá, kò sí ọjọ́ tí wọ́n di gàárì lé e tí ẹ̀yìn rẹ̀ kò bó. Bí ó bá rí gàárì lókèèrè, á máa fà sẹ́yìn. Bí wọ́n bá gùn ún, á ká ẹ̀yìn rẹ̀ sókè bí ológbò tí ajá ká mọ́ igun ilé. Ọdún ọba sì ku ọjọ́ mẹ́tàdínlógún. Lọ́jọ́ ọdún, àṣà ni pé kí Sàrúmí sá eré láti ẹnubodè wá sí iwájú ààfin, kí ó mú ẹṣin dúró lójijì, kí ó gbé ọ̀kọ̀ sókè kí ọba. Sàrúmí tí ó bá ṣubú níbẹ̀, oyè náà kì í bá a délé. Ó ti ṣẹlẹ̀ sí ẹni mẹ́ta. Ọ̀kan nínú wọn ṣì ń da ewúrẹ́ lẹ́yìn odi.

Oyèdèpò gbà pé iṣẹ́ ọ̀tá ni. Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí kò sọ fún ẹnikẹ́ni, títí kan aya rẹ̀: olórí ẹlẹ́ṣin Ọ̀dàńlá ń bẹ̀rù ilẹ̀. Ní ọ̀sẹ̀ tí ó joyè ni ó ti lọ ṣe ońdè kan, oògùn tí wọ́n fi awọ líle rán pọ̀, kí ó má bàa ṣubú láé. Kí ayé má bàa rí i lọ́rùn rẹ̀, ó rán an mọ́ abẹ́ tìmùtìmù gàárì. Nígbà tí ẹṣin kọ́kọ́ ta ẹsẹ̀ sẹ́yìn, ó rán èkejì mọ́ ọn. Nígbà tí ó tún ta á, ó rán ẹ̀kẹta. Lójú tirẹ̀, oògùn tí kò bá jẹ́, kò tíì pọ̀ tó ni. Nígbà tí ó fi máa di àsìkò tí à ń wí yìí, ońdè mọ́kànlá ti wà níbẹ̀.

Ó fa ẹṣin náà lọ sọ́dọ̀ Ìyá Ẹfúnlọ́lá, arúgbó obìnrin tí ń da ẹ̀ẹ́rìndínlógún létí odò. Ìyá da owó ẹyọ, ó wò ó. Ó dìde, ó lọ fi ọwọ́ tọ́ ẹ̀yìn ẹṣin wò pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́.

"Sàrúmí, kí ló wà láàrin gàárì àti ẹṣin yìí?"

"Tìmùtìmù ni, Ìyá."

"Kí ló tún wà níbẹ̀?"

Oyèdèpò wo ẹṣin rẹ̀. "Ìfẹ́ tí mo ní sí i ni."

"Ìfẹ́ rẹ ní igun mẹ́rin," ni Ìyá wí. "Egbò mọ́kànlá ni mo kà. Gbogbo wọn rí bákan náà, wọ́n sì tò bí ebè. Mo ti rí iṣẹ́ àjẹ́, mo ti rí iṣẹ́ oṣó. N kò tíì rí ọ̀tá tí ń fi okùn wọn ilẹ̀ kí ó tó ṣépè."

Ó ní kí ó rúbọ: ẹyẹlé méjì, ẹ̀kọ mẹ́rìndínlógún, òrí igbá kan, òwú àpò kan. Òrí ni kí ó máa fi pa egbò. Òwú ni kí ó fi kún tìmùtìmù. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ di gàárì lé ẹṣin náà fún ọjọ́ mẹ́sàn-án. Olórí ẹbọ sì ni pé ohunkóhun yòówù tí ń bẹ láàrin gàárì àti ẹ̀yìn ẹṣin, kí ó kó o dà sí oríta.

Oyèdèpò rú ẹyẹlé, ó rú ẹ̀kọ, ó pa òrí. Ọjọ́ mẹ́sàn-án pé, egbò jiná. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó kan ońdè, ó bá ara rẹ̀ rò ó, ó sì dá ara rẹ̀ láre: ohun tí awo ní kí òun kó dà, kò lè jẹ́ ohun tó ń dáàbò bo òun. Ó fi gbogbo wọn sílẹ̀. Ó tún rán ìkejìlá mọ́ ọn, nítorí Ìyá Ẹfúnlọ́lá fúnra rẹ̀. Ẹni tí ojú rẹ̀ mú tó bẹ́ẹ̀, kò sí ẹni tó mọ ohun tó lè ṣe.

Lọ́jọ́ kẹwàá, ó gun ẹṣin. Máfọwọ́kànmí gbé ẹsẹ̀ mẹ́ta, ó ká ẹ̀yìn, ó sì fi Sàrúmí ránṣẹ́ sínú ìkòkò àwọn aláró. Ìgbà tí Oyèdèpò máa jáde, gbogbo apá òsì ara rẹ̀ ti di búlúù. Àlàdé, Ọ̀tún rẹ̀, tí ó ti ń fojú sí oyè náà tipẹ́, wà nítòsí.

"Sàrúmí," ni Àlàdé wí, "ẹ kú ìwẹ̀."

Oyèdèpò padà sọ́dọ̀ awo. "Ìyá, mo rúbọ, ẹbọ ò dà."

"Ìdajì ẹbọ ni o rú," ni Ìyá dáhùn. "Mo rí i pé ìdajì ara rẹ náà ni aró mú."

Kò da owó ẹyọ mọ́. Ó ní ohun tó hàn gbangba, a kì í fi í yọ òrìṣà lẹ́nu. Ó ní kí Oyèdèpò bọ́ agbádá, kí wọ́n di gàárì náà mọ́ ẹ̀yìn rẹ̀ bó ṣe wà, kí ó rìn dé ẹnubodè, kí ó sì padà. Bí ó bá tù ú lára, òun gbà pé òun purọ́.

"Ní ọ̀sán gangan, Ìyá?"

"Ọ̀sán gangan ni ẹṣin rẹ ń rù ú."

Ó rù ú. Títí ó fi kọjá ọ̀dọ̀ àwọn aláró, ó ń rìn bí ìjòyè. Nígbà tí ó dé ìdí igi òrí, ó ti mọ ońdè kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀ọ̀tọ̀: ìkẹta ní igun, ìkeje le bí eyín. Àlàdé ń bá a rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́.

"Sàrúmí, ta ló ń gùn yín lọ, ká lè kí i?"

Ìyá arúgbó kan tí ń kọjá lọ ṣàánú rẹ̀, ó na ọwọ́ láti gbà á mọ́ra. Oyèdèpò fà sẹ́yìn, ó ká ẹ̀yìn sókè. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fọwọ́ kàn mí." Lójú kan náà ni ó gbọ́ ohun tí ẹnu rẹ̀ sọ. Kò dé ẹnubodè. Ó dúró ní oríta, ó ní kí wọ́n sọ gàárì kalẹ̀, ó tọrọ ọ̀bẹ, ó sì tú ońdè méjìlá lójú gbogbo ayé.

"Ìbẹ̀rù ilẹ̀ ni mo rán síbẹ̀," ni ó wí. "Mo wá gbé e ru ẹṣin."

Àlàdé rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Àwọn ẹlẹ́ṣin yòókù rẹ́rìn-ín díẹ̀, wọ́n sì ń wo ẹsẹ̀ ara wọn.

Ìyá fúnra rẹ̀ kọ́ ọ bí yóò ṣe tún tìmùtìmù ṣe: kí òwú pọ̀ lápá méjèèjì, kí àárín ṣí sílẹ̀ kí atẹ́gùn rí ọ̀nà kọjá, kí ìka mẹ́ta lè wọ abẹ́ gàárì ní èjìká. Egungun ẹ̀yìn, ó ní, kì í ru ẹrù.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, òkìtì ońdè ti wà ní oríta. Ó lé ní ogójì. Yàtọ̀ sí méjìlá Oyèdèpò, kò sí ẹni tó jẹ́wọ́ ọ̀kan. Ìyá Ẹfúnlọ́lá wò ó, ó mi orí. "Ìlú yìí mà lọ́tàá o."

Ọjọ́ ọdún pé. Oyèdèpò gun Máfọwọ́kànmí. Ẹ̀rù ṣì ń bà á. Ṣùgbọ́n ẹṣin na ẹ̀yìn gbọọrọ, ó sáré bí ẹni ń lọ gba ìyàwó, ó sì dúró ṣinṣin níwájú ààfin. Sàrúmí gbé ọ̀kọ̀ sókè. Ilẹ̀ dúró sí àyè rẹ̀.

Àlàdé ló tẹ̀ lé e. Ó ti ní obìnrin kan kò ní í kọ́ òun ní gàárì dídì. Ońdè márùn-ún tirẹ̀ ṣì wà lábẹ́ tìmùtìmù. Ẹṣin rẹ̀ ká ẹ̀yìn lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Àlàdé balẹ̀ gbalaja, àyà lélẹ̀, níwájú ọba.

"Àlàdé," ni ọba wí, "ṣé o wá kí wa ni?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Kábíyèsí," ni Àlàdé dáhùn láti inú eruku. "Mo ní kí n tètè dọ̀bálẹ̀ ni."

Ọba ní kò burú, kí ó má tíì dìde. Ìgbà tí wọ́n fi jẹ́ kí ó dìde, oyè Ọ̀tún ti lọ sọ́dọ̀ ẹlòmíràn.

Oyèdèpò lo oyè rẹ̀ di arúgbó. Ó ń yin Ìyá, Ìyá ń yin òrìṣà. Máfọwọ́kànmí kò yin ẹnikẹ́ni, koríko ló ń jẹ. Ẹni tó gbọ́ ẹbọ tó rú u pé gun ẹṣin délé lọ́jọ́ náà. Ẹni tó fi ẹbọ ṣe yẹ̀yẹ́ fi ẹsẹ̀ rìn lọ, ó ń kábàámọ̀, ó ń wá fìlà rẹ̀ kiri.